Ìwé Tí Jẹ́-n-wò-ó Fọkàn Tán

Ẹnu ara rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ. Ẹni tó bá gbé kẹ̀kẹ́ wá sọ́dọ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ àròyé, pé bíréèkì ń pariwo, pé ṣéènì ń já bọ́, pé kì í ṣe bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀ nìyí. Kó tó sọ ọ́ dé àárín, ọkùnrin tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe yìí á ti nawọ́, á ní, "Ẹ jẹ́ n wò ó ná." Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ di Jẹ́-n-wò-ó nìyẹn, ìyàwó rẹ̀ pàápàá ń pè é bẹ́ẹ̀ nígbà tí inú rẹ̀ bá dùn. Ojú rẹ̀ ló gbà gbọ́, kò gba etí gbọ́. Á gbé kẹ̀kẹ́ kọ́, á yí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà, á tẹ̀ ba bí ẹni tó ń wá owó ẹyọ tó já bọ́, á máa wo bí rímù ṣe ń kọjá láàárín rọ́bà bíréèkì méjèèjì. Bí rímù bá wọ́ tó ìbú èékánná, á rí i.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò fẹ̀: ilẹ̀kùn kan, fèrèsé kan tí òróró ti sọ di dúdú, tábìlì gígùn kan, àti ìṣó lára ògiri tí táyà ń rọ̀ lé. Níta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, pátákó dúdú kan wà tó máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan sí. Ọjọ́ tí kò bá ní ṣí ṣọ́ọ̀bù, á kọ ọ́ síbẹ̀, á sì fi àwàdà díẹ̀ kún un. Àwọn ará àdúgbò kì í kọjá láìkà á.

Ẹ ó wá bi mí pé báwo ni ọkùnrin tí kì í gba ẹnu ẹnikẹ́ni gbọ́ ṣe wá gba ìwé ìròyìn gbọ́. Ìbéèrè gidi ni.

Ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, oríṣi kẹ̀kẹ́ tí kò rí rí bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé tọ̀ ọ́ wá. Bíréèkì ń fi epo ṣiṣẹ́ dípò wáyà. Jíà wọ inú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lọ, ojú ò lè rí i mọ́. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dá kẹ̀kẹ́ padà fún ẹni tó ni ín láìtún un ṣe, oúnjẹ ò lọ lọ́fun rẹ̀. Ló bá pinnu pé òun á mú ìwé ìròyìn kẹ̀kẹ́ kan, òun á sì máa kà á lóṣooṣù. Ọ̀kan ṣoṣo ni o. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ẹni tó bá ń gba ìmọ̀ràn lẹ́nu èèyàn mẹ́ta, orí fífọ́ ló ń gbà.

Mẹ́ta ló wà lórí àtẹ ìyá tó ń ta ìwé ìròyìn ní kọ̀nà. Onísùúrù ni ìyá náà, ó jẹ́ kó máa dúró kà wọ́n lórí ìdúró fún oṣù mẹ́ta gbáko. Jẹ́-n-wò-ó kì í kà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tó mọ̀ bí ẹni mọ owó ló ń wá, ìyẹn bí a ṣe ń tọ́ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tó ti wọ́. Èrò tirẹ̀ ni pé ẹni tó bá purọ́ fún òun níbi tí òun ti mọ̀, á purọ́ fún òun níbi tí òun ò ti mọ̀.

Ìwé àkọ́kọ́ ń dán bí bàtà ọkọ ìyàwó. Kẹ̀kẹ́ tí èèyàn ò lè gbé síta kó sì sùn ló kún inú rẹ̀. Nípa ẹsẹ̀ tó wọ́, ó ní kí a ṣáà fún sípókù, irin tín-ín-rín inú ẹsẹ̀, tó bá dẹ̀, ó parí. Jẹ́-n-wò-ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Àwọn wọ̀nyí ò tíì fọwọ́ kan sípókù rí." Èkejì, àwòrán òkè àti odò ló kún inú tiẹ̀. Ó ní kí a gbé ẹsẹ̀ tó bá wọ́ lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe. "Òótọ́ ni," Jẹ́-n-wò-ó sọ fún ìyá oníwèé, "àmọ́ èmi gan-an lẹni tí wọ́n ní kí n gbé e lọ fún."

Ẹ̀kẹta ń jẹ́ Kẹ̀kẹ́ àti Ọ̀nà. Ó tín-ín-rín, bébà rẹ̀ ò sì dán. Ó ní kí a dẹ sípókù apá kan ní ìlàjì yíyí, kí a fún ti apá kejì ní ìlàjì yíyí, kí a dúró, kí a yí ẹsẹ̀ náà wò kí a tó tún fọwọ́ kàn án. Ó ní kí a má kánjú. Àfi bíi pé ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Síbẹ̀ kì í ṣe ìyẹn ló mú un lọ́kàn jù. Ní ìsàlẹ̀ ojú ewé tó kẹ́yìn, wọ́n fi lẹ́tà kékeré kọ ọ́ pé: "Ní oṣù tó kọjá, a ní kí ẹ fi gíríìsì pa ojú rímù kó má baà dípẹtà. A ṣìnà. Bíréèkì ò ní mú mọ́. Ẹ nù ún kúrò, ẹ dárí jì wá."

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti rí ọ̀pọ̀ ẹni tó mọ iṣẹ́ láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó lè dúró níta gbangba kó ní òun ṣìnà, wọn ò pọ̀. Ó ní, "Ìyá, mo ti rí tèmi."

Láti ọjọ́ náà, Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù di tiwọn. Bó bá gbé ìwé náà wọlé, ìyàwó rẹ̀ á pariwo láti ìdí ààrò pé, "Orogún mi ti dé o! Ẹ kú àbọ̀, ìyáàlé!" Jẹ́-n-wò-ó á jókòó ti tábìlì rẹ̀. Á gbé tíì síwájú, á sì ka ìwé náà láti ẹ̀yìn wá: ibi ìṣìnà lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ojú ewé ọkùnrin kan tó ń pe ara rẹ̀ ní Ẹlẹ́sẹ̀ Irin. Iṣẹ́ Ẹlẹ́sẹ̀ Irin ni kó máa dán nǹkan wò. Bó jẹ́ gàárì, bó jẹ́ iná, bó jẹ́ pọ́ǹpù, ó ní òun kì í kọ ọ̀rọ̀ kan nípa rẹ̀ títí òun á fi lò ó fún ogójì ọjọ́. Ogójì ọjọ́! Jẹ́-n-wò-ó fẹ́ràn ọkùnrin náà bí ẹni fẹ́ràn ìbejì rẹ̀. Bí oníbàárà bá ń bá a jiyàn, á ní, "Kẹ̀kẹ́ àti Ọ̀nà ló sọ bẹ́ẹ̀," ìjiyàn ti parí nìyẹn.

Ó ní àbúrò obìnrin kan, ọmọ ìyá rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni, kẹ̀kẹ́ ló sì ń gùn káàkiri ilé àwọn aláìsàn tí kò lè dìde lórí ibùsùn. Jẹ́-n-wò-ó ló kọ́ ọ ní kẹ̀kẹ́ gígùn nígbà tó wà ní kékeré. Ó di gàárì mú lẹ́yìn, ó ń sáré tẹ̀ lé e, kò sì ṣe bí àwọn ẹ̀gbọ́n mìíràn tó máa ń yọ ọwọ́ kúrò láìsọ. Ìgbà tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ fi ayọ̀ kígbe pé, "Ẹ fi mí sílẹ̀!" ló tó fi í sílẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sí ẹlòmíràn tó fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ àbúrò rẹ̀.

Nígbà tí òjò fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, táyà obìnrin náà ti jẹ tán. Oṣù yẹn gan-an ni Ẹlẹ́sẹ̀ Irin kọ̀wé nípa táyà tuntun kan: "Ogójì ọjọ́ ni mo fi gùn ún nínú òjò. Ó di títì mú bí ọmọ ṣe ń di ìró ìyá rẹ̀ mú." Jẹ́-n-wò-ó ò dúró gbọ́ ìkejì. Ó ní kí wọ́n fi méjì ránṣẹ́ sí òun, ọjọ́ tó dé ló fi wọ́n sí kẹ̀kẹ́ náà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kì í yọ̀?" ni àbúrò rẹ̀ béèrè. "Kọ̀nà ìsàlẹ̀ yẹn máa ń bà mí lẹ́rù bí ilẹ̀ bá tutù."

"Ogójì ọjọ́ ni wọ́n fi gùn ún nínú òjò. Máa lọ, fọkàn ẹ balẹ̀."

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, kẹ̀kẹ́ náà yọ̀ ní kọ̀nà ìsàlẹ̀. Ọrùn ọwọ́ obìnrin náà ṣẹ́ níbi méjì. Nígbà tí Jẹ́-n-wò-ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ sọ ò ju "pẹ̀lẹ́" lọ. Kì í ṣe ohun tó sọ nìyẹn.

"O fa bíréèkì ní kọ̀nà, àbí?"

"Mi ò fà á. Mi ò sì sáré. Kẹ̀kẹ́ yẹn ṣáà lọ lábẹ́ mi ni."

"Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Táyà yẹn kì í yọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni mo ṣubú o."

"Mo gbọ́. Àmọ́ ìwé yẹn kì í purọ́."

Àbúrò rẹ̀ wò ó títí, ó wá kọjú sí ògiri. "Ó dáa," ó ní. "Èmi ni mo purọ́ nígbà náà."

Ẹyin lohùn, bó bá ti bọ́ sílẹ̀, kò ṣeé kó. Jẹ́-n-wò-ó jáde tìbínú-tìbínú, ó gbà pé òun ni wọ́n ṣẹ̀. Ọkọ àbúrò rẹ̀ wá gbé kẹ̀kẹ́ náà ti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì, kò sì sọ ju kíkí lọ. Jẹ́-n-wò-ó gbé e kọ́ sí igun, tẹrẹ̀tẹrẹ̀. Kò yí ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò wò ó.

Ní ọjọ́ kẹta, ó mú ìwé náà jáde kó lè da ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́sẹ̀ Irin kọ fún àbúrò rẹ̀. Àwòrán kẹ̀kẹ́ kan wà lójú ewé náà, ẹrẹ̀ bo irin rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ọjọ́ ogójì." Ó sún mọ́ ọn. Ó mú awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, tó fi ń wá irin tó sán, ó gbé e lé àwòrán náà.

Irun ló rí. Ẹni tó bá ti ra táyà tuntun rí á mọ irun yìí, àwọn fọ́nrán rọ́bà kéékèèké tó máa ń hù sí ara táyà láti ibi tí wọ́n ti ṣe é. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lè pẹ́, ṣùgbọ́n èyí tó wà láàárín gbùngbùn, níbi tó ń fara kan títì, kì í dé ilé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kó tó jẹ tán. Lára táyà ọlọ́jọ́ ogójì yìí, irun àárín dúró ṣánṣán bí irùngbọ̀n òbúkọ. Ẹnì kan ló fi ọwọ́ ta ẹrẹ̀ sára irin. Táyà yẹn ò tíì kúrò nínú yàrá.

Ó jókòó sórí àpótí tí ìwé ọdún mọ́kànlá wà nínú rẹ̀. Pọ́ǹpù tó ní kí ìdajì àdúgbò rà ńkọ́? Iná ẹ̀yìn ńkọ́? Èwo ni wọ́n lò nínú rẹ̀, èwo ni wọn ò lò? Ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ó dùn ún wọ egungun. Omi lé ròrò sí i lójú, ó sì bínú sí omi náà.

Ó dúró de oṣù tó tẹ̀ lé e. Bóyá wọ́n á sọ ọ́. Wọ́n ti máa ń sọ ọ́. Ìyá oníwèé ò tíì tú ẹrù tán tó ti dé ibẹ̀, ó ṣí ojú ewé tó kẹ́yìn. Wọ́n ṣìnà lóòótọ́: wọ́n ṣi orúkọ òkè kan kọ, wọ́n ní kí a dárí jì wọ́n. Ó yí ìwé náà padà. Lẹ́yìn rẹ̀, ojú ewé odindi, táyà náà ló wà níbẹ̀, aláwọ̀ mèremère, pẹ̀lú ìpolówó tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́sẹ̀ Irin ṣe. Ó kọ lẹ́tà sí wọn, ojú ewé mẹ́rin. Wọ́n dá a lóhùn pé àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ òǹkàwé àtàtà, wọ́n sì fi ẹ̀bùn ránṣẹ́ sí i. Nígbà tó tú ẹ̀bùn náà, táyà méjì ni, irú kan náà.

Lọ́jọ́ yẹn ló mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ ọ́ gàdàgbà sórí pátákó: ÒPÙRỌ́ NI KẸ̀KẸ́ ÀTI Ọ̀NÀ. Àwọn tó ń kọjá kà á, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àwàdà rẹ̀ ni.

Àbúrò rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà ní dídì mọ́ àyà. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló wá gbé. Ó ti bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ tó máa tún un ṣe.

"Àbúrò mi!" Jẹ́-n-wò-ó fò dìde. "O ò purọ́. Àwọn ni. Wá wò ó." Ó gbé awò lé e lọ́wọ́, ó fi irun hàn án, ó ṣàlàyé títí.

Obìnrin náà tẹ̀ ba, ó wò ó dáadáa. "Wọn ò gùn ún," ó ní.

"Ọjọ́ kan péré, wọn ò gùn ún!"

"Wọ́n kàn sọ fáwọn èèyàn pé ó dáa."

"Ohun tí mo ń sọ nìyẹn! Èèyàn á fọkàn tán wọn, wọ́n á sì..."

"Ẹ̀yin ńkọ́?" Ó gbé awò náà sílẹ̀. "Ọjọ́ tẹ́ ẹ fi táyà yẹn sí kẹ̀kẹ́ mi, ẹ gùn ún wò?"

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ tó fi táyà náà sí i. Láti ṣọ́ọ̀bù dé kọ̀nà ìsàlẹ̀, lílọ àti bíbọ̀, ife tíì kan ò ní tíì tutù kó tó padà dé.

"Mi ò gùn ún," Jẹ́-n-wò-ó sọ.

"Lẹ́yìn tí mo ṣubú ńkọ́? Ẹ tiẹ̀ wò ó?"

Jẹ́-n-wò-ó rìn lọ sí igun, ó fi àtàńpàkò tẹ táyà náà. Kò tẹ̀. Ó le, ó sì ń yọ̀ bí abọ́ tánńganran. Ìka kan péré ni ì bá ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láìsí ìwé, láìsí awò.

"Àwọn oníwèé yẹn ò mọ̀ mí," àbúrò rẹ̀ sọ. Kò pariwo. "Ẹ̀yin mọ̀ mí."

Jẹ́-n-wò-ó bá a gbé kẹ̀kẹ́ náà sọ̀kalẹ̀. Obìnrin náà fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbà á, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tì í lọ.

Jẹ́-n-wò-ó jáde, ó fi apá aṣọ nu pátákó, ó sì kọ òmíràn: "Mo sọ pé táyà kan ò ní yọ̀. Mi ò gùn ún. Mo ṣìnà." Àyè ṣì kù fún "ẹ dárí jì mí," ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ti pátákó. Ó ju ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó sáré.

Ó bá a kí ó tó dé kọ̀nà. Kẹ̀kẹ́ náà ń wọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọwọ́ kan ò lè darí rẹ̀. Jẹ́-n-wò-ó nawọ́ láti ẹ̀yìn, ó di gàárì mú bó ṣe máa ń dì í mú láyé àtijọ́. Kẹ̀kẹ́ náà sì dúró ṣinṣin. Wọ́n rìn bẹ́ẹ̀ fún ìṣísẹ̀ bíi mẹ́wàá.

Àbúrò rẹ̀ ò bojú wẹ̀yìn.

"Ẹ fi mí sílẹ̀," ó ní.

Jẹ́-n-wò-ó sì fi í sílẹ̀.