Àtẹ̀gùn Ara Tírélà Ọkọ̀ Ojú Omi

Ọjọ́ tí Adéọlá jó àtẹ̀gùn mọ́ tírélà kékeré tí a fi ń fa ọkọ̀ ojú omi ní Mọníyà kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé. Èmi pẹ̀lú rẹ̀ la jọ ń wá iṣẹ́ wẹ́dà kan ṣoṣo ní ibùdó ìwádìí ẹja, àtẹ̀gùn yìí ni wọ́n sì fi dán wa wò.

Èmi tí mo ti yunifásítì dé ni mo kọ́kọ́ jó tèmi, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ara mi, nínú ṣòkòtò, ni mo fi wọn gíga rẹ̀. Nígbà tí Màmá tó ń tún àwọ̀n ṣe nínú ọkọ̀ fẹ́ gùn ún, ìró wọn kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ wọn dé e.

"Ṣé kí n tú ìró ni, ọ̀gá yunifásítì?"

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

Adéọlá ní, "Màmá, ẹ gbẹ́sẹ̀ sókè díẹ̀." Ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tó dé, ó sì jó tirẹ̀ síbẹ̀.

Ọ̀gá ibùdó náà ní, "Ẹni tí mò ń wá nìyí!"

Ìlara gbé mi mì. Bí Màmá ṣe ń gùn ún, mò ń gbàdúrà kí irin tí Adéọlá jó náà já. N kò kórìíra wọn o, iṣẹ́ yẹn ni mò ń rò. Irin náà dún gbàgà! Ṣùgbọ́n kò já.

Nígbà tí Màmá ń sọ̀kalẹ̀, èjìká èmi tí mo dúró nísàlẹ̀ ni wọ́n dì mú.

"O ṣé, ọmọ mi. Ìwọ lo ò jẹ́ kí n ṣubú."

Títí di òní, n kò tíì lè sọ fún wọn ohun tí mo gbàdúrà fún.