Ọgbọ̀n Ìṣẹ́jú Àáyá Tí Mo Fún Baálẹ̀

Mo rántí ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ta sórí tábìlì akọ̀wé ní ilé-iṣẹ́ tí a ti ń ra ẹ̀gẹ́ ní Èrúwà. Àgbẹ̀ méjì ló gbé àdá wọ ọ́fíìsì wa láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan. Wọ́n bú ara wọn títí, wọ́n bú bàbá ara wọn, ọ̀kan sì ṣá èkejì lápá kí ẹnikẹ́ni tó rí wọn là. Akọ̀wé wa, obìnrin jẹ́jẹ́ tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà, ní kóun là wọ́n, ó sì gba ìgbátí tirẹ̀ níbẹ̀. Èmi tí mò ń bá wọn tún kọ̀ǹpútà ṣe, abẹ́ tábìlì ni mo wà tí mò ń so wáyà. N kò jáde títí ariwo fi rọlẹ̀. Ẹni tó bá bi mí nígbà yẹn, mo ní iṣẹ́ ni mò ń ṣe lọ́wọ́. Irọ́ ni, mo sá pamọ́ ni.

Ohun tí wọ́n ń jà sí ò ju ọkọ̀ lọ. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bá ti wú, tó bá fi lè lo ọjọ́ mẹ́ta nílẹ̀, ó ti ń bàjẹ́ nìyẹn. Ẹni tó bá wú u gbọ́dọ̀ pe ilé-iṣẹ́ kí a rán ọkọ̀ akẹ́rù lọ kó o lóko. Fóònù kan ṣoṣo sì ni akọ̀wé ní, ìwé àkọsílẹ̀ kan ló ń kọ orúkọ sí. Bí ẹnì kan bá wà lórí ìlà, àwọn yòókù á máa pè títí ọwọ́ á fi ro wọ́n. Àgbẹ̀ kìíní ní òun lòun kọ́kọ́ pè, èkejì ní irọ́ ńlá ni, pé ẹ̀gẹ́ tòun ti rà sóko. Nígbà tí wọ́n gbé ẹni tí wọ́n ṣá lọ sí ọsibítù tán, ọ̀gá wa wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ìwọ oníwáyà, wá nǹkan ṣe sí fóònù yìí kí wọ́n tó para wọn sí mi lọ́rùn."

Inú mi dùn! Mo ti kọ́ iṣẹ́ yẹn n'Íbàdàn, n kò rí ibi lò ó. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi gun ọ̀kadà kiri àwọn abà Ìbàràpá, tí mò ń wo ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé àti ibi tí kò dé, tí mò ń bi àwọn àgbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lo fóònù. Ètò tí mo wá ṣe kò le. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni gbogbo ènìyàn á máa pè, ènìyàn púpọ̀ sì lè pè é lẹ́ẹ̀kan náà. Bí akọ̀wé kò bá ráyè gbé e, ẹ̀rọ á gbé e, á sì fi ohùn akọ̀wé fúnra rẹ̀ sọ pé kí ẹni náà sọ ohun tó fẹ́ lẹ́yìn tí fèrè bá dún. Ohùn yẹn, àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá tẹ̀ ránṣẹ́, àti ti wásáàpù, inú àpótí kan náà ni gbogbo wọn ń bọ́ sí, pẹ̀lú aago tí wọ́n wọlé. Akọ̀wé lè ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀gá àti èmi lè ṣí i lórí fóònù wa níbikíbi tí a bá wà. Kò sẹ́ni tó tún lè parọ́ pé òun ló kọ́kọ́ pè. Àwọn àgbẹ̀ sọ ẹ̀rọ náà ní Akọ̀wé Kejì, èmi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ọkọ ìyàwó.

Ẹni tó kọ́kọ́ fẹ́ràn rẹ̀ jù ni dírẹ́bà wa. Ará Igbó-Ọrà ni, ó fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, ó sanra, ẹ̀rín rẹ̀ sì máa ń mi ọkọ̀. Nígbà yẹn, àwọn agbébọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà oko. Ìyá rẹ̀ tí ẹsẹ̀ ń dùn, tí òun nìkan ń tọ́jú, bẹ̀ ẹ́ kó fi ọ̀nà náà sílẹ̀. Ó wá bá mi, ó ní òun fẹ́ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Èmi ni mo dá a dúró. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀. Gbogbo baálẹ̀ abà ni mo ti bá sọ̀rọ̀. Bí ọ̀nà ò bá dára, wọ́n á pe Akọ̀wé Kejì, a ó sì gbọ́ kí a tó débẹ̀." Ọkùnrin náà gbà mí gbọ́. Ẹ̀mí rẹ̀ ló gbé lé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn, mo sì gbà á bí ẹni gba kọ́kọ́rọ́.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni mo kọ́kọ́ fún olúkúlùkù láti sọ̀rọ̀. Yéè! Àṣé mi ò mọ ìran tí mo ti wá. Bàbá Baálẹ̀ ti abà kan lọ́nà yẹn, àgbàlagbà tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, a máa kí òjò, a kí oòrùn, a kí ọ̀gá àti ilé ọ̀gá, a béèrè àwọn ọmọ akọ̀wé lọ́kọ̀ọ̀kan, á wá dákẹ́ díẹ̀ kí ẹ̀rọ lè dá a lóhùn. Bí kò bá dá a lóhùn, á ní, "Ṣé kò sí o?" Lẹ́yìn náà ló tó kan ẹ̀gẹ́. Gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Láti àárọ̀ títí di ìgbà tí a ń tilẹ̀kùn ni akọ̀wé fi ń gbọ́ ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo mọ́ mi. Mo bínú, mo gé e kù sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá.

Akọ̀wé kìlọ̀ fún mi. Ó ní, "Bùrọ̀dá, ẹ má dán an wò. Àgbà wo ló máa pe ènìyàn tí kò ní kí i?" Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ṣebí ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀ a di odindi, wọ́n á kọ́ ọ. Kó má baà dà bíi pé à ń lé wọn, mo ní kí akọ̀wé tún gba gbólóhùn kan sílẹ̀, tí ẹ̀rọ á máa sọ bí àkókò bá ti pé: "Ẹ ṣeun, a ti gbọ́ yín." Mo rò pé ìwà pẹ̀lẹ́ ni mo fi kún un. Gbólóhùn yẹn ló pa dírẹ́bà wa, kí n tètè sọ ọ́, kí ẹ má baà rò pé ìtàn ẹ̀rọ lásán ni mò ń sọ.

Ọjọ́ Wẹ́sìdeè ni. Mo tẹ̀lé dírẹ́bà nítorí mo fẹ́ lọ wo bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe rí ní abà Bàbá Baálẹ̀ yẹn. Ibi tí títì ọlọ́dà parí sí, kí a tó bọ́ sórí ilẹ̀ pupa, ni fóònù mi dún lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀léra, ọ̀rọ̀ tuntun mẹ́ta ti bọ́ sínú àpótí. Dírẹ́bà ní kí n tan Akọ̀wé Kejì kóun gbọ́, nítorí bíi rédíò ló ṣe máa ń gbádùn rẹ̀. Ohùn Bàbá ni. "Ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé àlàáfíà lẹ jí? Ọ̀gá ńkọ́? Akọ̀wé, àwọn ọmọ ńkọ́? Dírẹ́bà wa ńkọ́? Ìyá rẹ̀ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti san díẹ̀? Ẹ bá mi kí..." Ẹ̀rọ gé e: ẹ ṣeun, a ti gbọ́ yín. Dírẹ́bà ń dáhùn níbi tó ti ń wakọ̀, ó ń ní, "Ó ti san o, Bàbá, a dúpẹ́." A rẹ́rìn-ín. Èkejì dé: "Èmi náà ni o. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má bínú pé mo tún dà yín láàmú, ẹ kú ìfaradà, ẹ kú..." Ẹ̀rọ tún gé e. A tún rẹ́rìn-ín, èmi ni mo sì rín in jù.

Ẹ̀kẹta ò dà bíi méjì àkọ́kọ́. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ fetí sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó délẹ̀ yìí, kì í ṣe èyí tí à ń là mọ́lẹ̀ lórí fóònù. Ohun tójú mi rí láàárọ̀ yìí, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rírú ẹ̀ mọ́. Ṣé ẹ wà ní ìjókòó? Ẹ kọ́kọ́ jókòó ná..." Ẹ ṣeun, a ti gbọ́ yín.

Dírẹ́bà tẹ bíréèkì. Ó ní, "Àbúrò, pè é padà." Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣì wà. Ẹ gbọ́ mi o, ó ṣì wà! Mo ní àsìkò ń lọ, pé bóyá ẹran rẹ̀ kan ló kú, pé àwọn àgbà wọ̀nyí kò sí ohun tí wọn kì í sọ di ńlá, bí a bá débẹ̀ á fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ó tún fi ọkọ̀ sí jíà.

Igi ni wọ́n gbé dábùú ọ̀nà lẹ́bàá afárá kékeré kan. Kí dírẹ́bà tó fi ọkọ̀ sí rìfáàsì, ìbọn ti dún, gíláàsì iwájú ti fọ́ dà sí wa lára. Ọta bà á léjìká. Ọkọ̀ sá sẹ́yìn, ó kó sí kòtò. Wọ́n jẹ́ mẹ́ta, wọ́n fi aṣọ bojú. Ọ̀kan ṣílẹ̀kùn mi, ó fà mí lẹ́sẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ó sì fi ìdí ìbọn gbá mi lẹ́nu. Eyín mi méjì tú sílẹ̀. Bí mo ṣe ń gbìyànjú àtidìde, àdá bà mí lẹ́yìn ọrùn, kò wọlé jìn, ìkejì ló wọ èjìká. Mo ń ké pe ìyá mi, ẹnu mi sì kún fún ẹ̀jẹ̀. Ìgbà yẹn ni dírẹ́bà, pẹ̀lú ọta lára, bọ́ sílẹ̀ lápá ọ̀dọ̀ mi. Ó gbá ẹni tó dì mí mú lọ́rùn mú, ó fi orí rẹ̀ gbá ara ọkọ̀, gbì! gbì! Ó ní, "Àbúrò, sá!"

Mo sá. Mo wọ inú oko ẹ̀gẹ́, mò ń fi ọwọ́ kan di èjìká mi mú, mo sì ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣá a. Ó ń bú wọn. Nígbà tó yá, kò bú wọn mọ́, ṣùgbọ́n wọn ò dẹ́kun. Ikú oró ni wọ́n fi pa ènìyàn mi, èmi sì dọ̀bálẹ̀ sáàárín ebè, mo fi ẹnu mọ́lẹ̀.

Ìbọn àwọn ọdẹ abà ló lé wọn lọ. Bàbá Baálẹ̀ ló ṣáájú àwọn ọdẹ náà, ó di fóònù rẹ̀ mọ́wọ́. Ó rí ohun tó kù nílẹ̀ lára dírẹ́bà, ó rí mi bí mo ṣe ń jáde bọ̀, ó sì fọ́ mi létí. "Mo pè yín! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè yín! Obìnrin yẹn ní ẹ ti gbọ́! Ta ló wá ní kí ẹ máa bọ̀?" Ó gbá mi lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo tu ẹ̀jẹ̀ nù, mo ní, "Bàbá, ìkíni nìkan ló dé ọ̀dọ̀ wa." Kò yé e. Mo tún un sọ. Ó wo fóònù ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Èmi ni mo wá pa á nígbà náà?"

Ó yẹ kí n ní rárá. Ó yẹ kí n sọ pé èmi ni mo gé e kù. Mo dákẹ́. Gbogbo ìyà tí wọ́n fi jẹ mí lọ́jọ́ yẹn, kò sí èyí tó dùn mí tó ìdákẹ́jẹ́ mi yẹn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọ̀rọ̀ náà di ti gbogbo ìlú. Wọ́n ní bàbá arúgbó kan ló fi ẹ kú iṣẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ. Mo ń gbọ́, mò ń mi orí. Àfi lọ́jọ́ kan tí mo lọ kí ìyá dírẹ́bà, tí mo bá àbúrò dírẹ́bà ọkùnrin lẹ́yìnkùlé, tó ń pọ́n àdá. Ó ní abà yẹn lòun ń lọ, pé òun máa gé ahọ́n arúgbó náà. Ojú rẹ̀ ti pọ́n kọjá ẹ̀bẹ̀. Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà, mo ní, "Èmi ni. Èmi ni mo gé àkókò rẹ̀ kù. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní kí n pè é padà, mi ò pè é."

Ó ju àdá nù, ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, ó gbé ọmọ odó. Ó lù mí títí ojú rírán èjìká mi fi tú. Ó fi mí sílẹ̀ níbẹ̀, ó gba ọ́fíìsì lọ, ó fọ́ ẹ̀rọ náà, ó fọ́ kọ̀ǹpútà, ó fọ́ fèrèsé. Ọ̀gá ní òun máa pe ọlọ́pàá, mo bẹ̀ ẹ́ kó má pè é. Nígbà tí mo lè rìn, mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Baálẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gbọ́ mi parí. Ó ní kí n dìde, kí n máa lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò bú mi, ó kàn wọlé lọ.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. A ra ẹ̀rọ mìíràn, ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo fún olúkúlùkù, mo sì ti yọ gbólóhùn yẹn kúrò. Àwọn àgbẹ̀ yòókù ti padà sí bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn, àwa náà sì ń fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Bàbá Baálẹ̀ nìkan ni kò ní ìkíni fún wa mọ́. Bí mo bá pè é, tí mo ní ẹ kú iṣẹ́, á ní, "Sọ ọ̀rọ̀." Bí òun bá pè, kò ju ọ̀nà dára, ọ̀nà ò dára. Àwọn ọdẹ rẹ̀ sọ fún mi pé ìbáà jẹ́ nílé, ìbáà jẹ́ lóko, bó ṣe ń bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀ lórí fóònù nìyẹn, títí kan àwọn ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyàwó rẹ̀ kú, ìyá tí wọ́n jọ gbé láti ìgbà èwe. Ẹnu akọ̀wé ni mo ti gbọ́. Mo ṣí àpótí náà láti wò ó bóyá Bàbá ti sọ nǹkan kan fún wa. Ohùn rẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n sin obìnrin náà: "Ọ̀nà dára. Ẹ wá kó ẹ̀gẹ́." Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo gbọ́ ọ, tí mò ń dúró de ìyókù.