Ẹni Tó Kun Òpó Kẹtàléláàádọ́rin

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta, òpó tó wà lára ọgbà pápá eré ẹṣin wa jẹ́ igba ó lé méjìlá. Bàbá mi ló kun gbogbo wọn. Ó ti ń kùn wọ́n láti ọdún méjìlélógún, kò sì tíì kùn wọ́n tán rí, nítorí kó tó dé òpó tó gbẹ̀yìn, òjò àti oòrùn á ti bó ọ̀dà ara ti àkọ́kọ́. Á kó agolo rẹ̀ sínú bárò, á tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ń pe iyẹn ní ìyà. Òun ń súfèé bó ṣe ń ṣe é.

Funfun ni ọgbà náà lójú ẹni tó bá jókòó lórí àga òkè àwọn òǹwòran, ṣùgbọ́n kì í ṣe funfun kan ṣoṣo. Ní gbogbo ọjọ́ Ajé tí bàbá mi bá ṣí agolo tuntun, á kán nǹkan díẹ̀ sí i: búlúù ìfọṣọ lọ́sẹ̀ kan, ọ̀dà pupa lọ́sẹ̀ kejì, kó lè mọ ibi tó kùn dé àti ọ̀sẹ̀ tó kùn ún. Á wá kan ìdérí agolo náà mọ́ ògiri yàrá ọ̀dà, á fi pẹ́ńsùlù kọ ọjọ́ àti nọ́ńbà àwọn òpó sábẹ́ rẹ̀. Ìyá mi ní ọkùnrin tí kì í rántí ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ̀ ló ń tọ́jú ọjọ́ ìbí òpó. Bàbá mi ní òpó kì í béèrè ẹ̀bùn.

Ní ọjọ́ tí mo sọ yẹn, ẹṣin méjì kọlu ara wọn níbi tí pápá ti yí. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló gun ọ̀kan. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, ó mọ ẹṣin gùn, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n gùn. Ẹ̀gbọ́n Pẹ̀lẹ́ ló gun èkejì, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì, tí wọ́n sọ lórúkọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó máa ń kí ẹṣin ní pẹ̀lẹ́ kó tó gùn ún. Fíìmù fi hàn kedere pé ẹṣin Ẹ̀gbọ́n Pẹ̀lẹ́ ló fò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, tó lọ kọlu ti àna wa, tí àna wa fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú ìyẹn, fíìmù ò rí i. Igi ńlá kan ló dí kámẹ́rà lójú láti òpó kọkànlélọ́gọ́ta dé ọgọ́rin. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ nípa igi náà. Ọdún mẹ́sàn-án ni àwọn adájọ́ eré ti ń ṣèpàdé lórí bí wọ́n ṣe máa gé e.

Àìṣọ́ra lórí ẹṣin ni ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan Ẹ̀gbọ́n Pẹ̀lẹ́. Wọ́n ti dá a lẹ́bi irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún náà. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n á gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni, wọn kì í sì í dá a padà. Ó ní ńṣe ni wọ́n ti òun mọ́ ọgbà kí ẹṣin òun tó yà. Kò sẹ́ni tó rí i.

Nírọ̀lẹ́, àna wa sọ ìtàn náà nídìí tábìlì wa. Ó fi ìgò iyọ̀ ṣe ẹṣin tirẹ̀, ó fi ṣíbí tó wọ́ ṣe ti Ẹ̀gbọ́n Pẹ̀lẹ́. Ó ní ẹni tó bá ti dàgbà, àga ni kó máa gùn. A rẹ́rìn-ín. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín. Mi ò yọ ara mi sílẹ̀.

Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni ìgbẹ́jọ́. Ní aago mẹ́sàn-án, Ẹ̀gbọ́n Pẹ̀lẹ́ wá sí yàrá ọ̀dà. Mo wà níbẹ̀. Ìwé ẹ̀rí yunifásítì mi ò tíì rí iṣẹ́, mo ń bá bàbá mi ro ọ̀dà. Ó bọ́ bàtà gígùn ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ dání. Ọ̀dà ti ha mọ́ ọn láti ọrùn ẹsẹ̀ dé ojúgun.

“Bàbá Ọlọ́dà, ẹ bá mi wá kẹrosíìnì díẹ̀,” ló wí. “Tí wọ́n bá máa lé mi, kí wọ́n lé ẹni tó mọ́.”

Bàbá mi ti ṣí ìgò kẹrosíìnì kó tó wo bàtà náà. Ó gbé e lọ síbi fèrèsé. Ó wò ó, ó wo ògiri, ó tún wò ó. Búlúù ni. Ibi tí pápá ti yí, ọ̀dà pupa ló wà nínú tibẹ̀. Búlúù bẹ̀rẹ̀ ní òpó kọkànlélọ́gọ́ta, ó parí sí ọgọ́rin, lẹ́yìn igi gan-an. Ẹsẹ̀ ọkùnrin yìí ti ha mọ́ ọgbà kó tó dé ibi tí fíìmù ti rí i. Ẹṣin kan ṣoṣo ló sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Bàbá mi mọ ẹni tó gùn ún. Ó dé ìgò náà padà.

“Má nù ún.”

“Bàbá Ọlọ́dà, ojú ń tì mí.”

“Jẹ́ kójú tì ọ́. Wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀.”

Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n Pẹ̀lẹ́ lọ tán, bàbá mi sọ fún mi pé ẹ̀gbọ́n mi ò ní bá òun sọ̀rọ̀ fúngbà díẹ̀. Ó sì mú òòlù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìdérí agolo lára ògiri.

Adájọ́ mẹ́ta ló jókòó. Alága wọn, dókítà ẹranko tó ti fẹ̀yìn tì, ní funfun ni funfun. Bàbá mi to àwọn ìdérí sórí tábìlì, ó gbé bàtà sáàárín wọn.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọwọ́ ẹ̀wù yín sún mọ́ ti ọ̀gá kejì.”

Alága ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wù funfun ni méjèèjì, ṣùgbọ́n ti alága ti pọ́n bí eyín àgbàlagbà. Akọ̀wé nìkan ló rẹ́rìn-ín, ó sì sáré sọ ọ́ di ikọ́.

Wọ́n fẹsẹ̀ rìn dé ìdí ọgbà. Lára òpó kẹtàléláàádọ́rin, ọ̀dà ti ha dànù ní déédéé ibi tí ẹsẹ̀ ẹlẹ́ṣin máa ń wà, ó gùn tó apá. Wọ́n bi àna wa léèrè. Ó wo òpó, ó wo bàbá mi.

“Èmi ni,” ló wí. “Mo rò pé àyè wà.”

Wọ́n ní kò gbọdọ̀ gun ẹṣin fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ìwé àṣẹ Ẹ̀gbọ́n Pẹ̀lẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ dòní.

Ẹ̀gbọ́n mi wá sílé lọ́jọ́ yẹn, ó ní òpó ni bàbá wa bí, kì í ṣe òun. Bàbá mi jẹun rẹ̀ tán, ó sì sùn dáadáa.

Ní ọjọ́ kẹrin, àna wa dé sídìí ọgbà pẹ̀lú ṣòkòtò tó ti gbó. Bàbá mi na búrọ́ọ̀ṣì sí i, ó sì fi í síwájú òpó kẹtàléláàádọ́rin.

“Bó pẹ́ bó yá, ẹni tó gun ẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀,” ni bàbá mi wí. “Ìwọ kàn yára ni.”

Àna wa rẹ́rìn-ín. Ó ṣe é láìfẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣe é. Òpó méjìdínlógójì ló kùn kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, bàbá mi sì jẹ́ kó yan àwọ̀ tí wọ́n máa kán sínú agolo ọ̀sẹ̀ kejì. Láràárọ̀ ni Ẹ̀gbọ́n Pẹ̀lẹ́ ń gun ẹṣin kọjá, tó ń kí i pé ẹ kú iṣẹ́ o, ẹlẹ́ṣin òpó. Ní ọjọ́ Sátidé, ẹ̀gbọ́n mi gbé abọ́ oúnjẹ méjì wá. Ó gbé ti bàbá wa fún un ṣáájú ti ọkọ rẹ̀. Bàbá mi súfèé délé.

Mo ka ìwé ìdájọ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pátákó. Ìlà mọ́kànlá ni. Ó ní àwọn adájọ́ ṣàyẹ̀wò ọgbà, wọ́n sì rí àmì. Kò sí ìdérí agolo níbẹ̀, kò sí ẹni tó kun ọ̀dà. Odindi ọdún méjìlélógún ni wọ́n fi ń kọjá níwájú ògiri yẹn, wọn ò bi í ní ìbéèrè kan. Mo kà á fún bàbá mi. Ó ní òpó mọ̀, ìyẹn tó òun. Kò tó èmi. Igi náà ṣì wà ní ìdúró.

Ìwọ tó ń ka èyí, lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi ọ́ jókòó láti dájọ́ lórí iṣẹ́ ẹlòmíràn, dìde lórí àga yẹn kí o tó lanu. Lọ bi ẹni tó ń kun ọgbà. Lẹ́yìn náà, gé igi náà.