Ta Ló Dá Ọ Sílẹ̀ Nídìí Píánò?

Òórùn káńfọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ẹni tó bá wọ yàrá ìsàlẹ̀ tí mo gbà ní Ṣàpọ́n nígbà náà. Inú píánò àlòkù tí ìyá mi bá mi rà ni mò ń kó o sí nítorí eku àti aáyán, òórùn òjò orí àpáta á sì gba ojú fèrèsé wọlé wá bá a. Ìwọ náà rántí bí ìlú wa ṣe rí lẹ́yìn tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀: gbogbo ẹni tó bá ti ka ìwé mẹ́wàá, iṣẹ́ ìjọba ló ń wá. Bàbá mi, tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé, ti bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ nítorí mi. Ó ní bí n kò bá tíì rí ọmọ kan tí yóò sanwó kọ́ píánò títí ọdún yóò fi parí, kí n lọ jókòó sí ọ́fíìsì bí ọmọ gidi.

Ọkàn mi balẹ̀ pátápátá. Mo ti ro gbogbo rẹ̀ tán: màá fi àwọn ọmọ kéékèèké bẹ̀rẹ̀, àwọn ilé ìwé á máa pè mí, tó bá yá màá ra píánò kejì. Mo mọ iṣẹ́ náà, n kò ní fi ìrẹ̀lẹ̀ ẹnu tàn ọ́. Láti kékeré ni àgbà atẹdùùrù ṣọ́ọ̀ṣì wa ti ń kọ́ mi lọ́fẹ̀ẹ́, nígbà tí ìka rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í le, èmi ni mò ń bá a tẹ dùùrù ní ìsìn ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí n kò rò mọ́ ọn ni ìyá aládìrẹ kan láti Ìtòkú.

Ó mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, aró ṣì wà ní èékánná rẹ̀. Ọmọ náà ti gbọ́ píánò mi láti ojú títì, kò sì jẹ́ kí ìyá rẹ̀ sinmi. Mo ṣàlàyé pé ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni yóò máa wá, wákàtí kan wákàtí kan. Ìyá náà wò mí bí ẹni tó ń ṣeré.

"Wákàtí kan kẹ̀? Ta ni yóò máa bá ọ gbálẹ̀? Ọdún mélòó ni yóò fi kọ́ṣẹ́ kó tó gba fìrídọ́ọ̀mù?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní píánò kì í ṣe iṣẹ́ aránṣọ, mà, a kì í gba fìrídọ́ọ̀mù nídìí rẹ̀. Òun kò rẹ́rìn-ín.

"Tíṣà, ìgbà wo wá ni ọmọ mi yóò mọ̀ pé òun ti mọ̀ ọ́n? Ìwọ gan-an ńkọ́, ta ló dá ọ sílẹ̀?"

Mo ní ọ̀gá tó kọ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì kò dá mi sílẹ̀ rí. Ó ní kò sí ìjà o, ṣùgbọ́n òun ò lè fọmọ sílẹ̀ fún ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ kò tíì dá sílẹ̀. Ọjọ́ tó bá dá mi sílẹ̀, kí n ránṣẹ́ sí òun. Wọ́n lọ, ọmọ náà ń wẹ̀yìn. Inú bí mi débi pé mo tẹ píánò títí àwọn ará òkè ilé fi ń jan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ òun nìkan ni oníbàárà tó tíì wọlé, ọdún sì ń lọ sópin.

Mo gbéra lọ sílé ọ̀gá mi, mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì rò ó fún un. Mo ṣe bí yóò rẹ́rìn-ín bíi tèmi ni. Àwọn ìka rẹ̀ ló ń wò.

"Bí mo bá dá ọ sílẹ̀," ó ní, "ta ni yóò máa bá mi tẹ dùùrù ìrọ̀lẹ́?"

Ibẹ̀ ló ti yé mi pé òun náà ti mọ̀ tipẹ́ pé òun ò tíì dá mi sílẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, sà. Mo fẹ́ máa fi jẹun ni." Ó ní kí n ṣì máa lọ ná. Bí mo ṣe ń padà sílé, mo ti ń ro aṣọ tí màá máa wọ̀ lọ sí ọ́fíìsì.

Lọ́jọ́ Sátidé, ọ̀gá mi dé sí Ṣàpọ́n fúnra rẹ̀, pẹ̀lú kóòtù tó máa ń wọ̀ ní Àjíǹde. Ó ní kí n ránṣẹ́ pe ìyá Ìtòkú àti ọmọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n jókòó, ó ní kí n tẹ orin kan, ó sì dijú gbọ́ ọ tán. Lẹ́yìn náà ó ní kí n kúnlẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí.

"Mo dá ọ sílẹ̀. Iṣẹ́ tí mo kọ́ ọ, wàá jẹ nínú rẹ̀, wàá sì fi tọ́ ọmọ ẹlòmíràn."

Àmín ìyá Ìtòkú ló ròkè jù, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì ra ojú bí àwọn Mùsùlùmí ti ń ṣe. Ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ńdè. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló lọ sọ fún ẹni tó ti bá sọ̀rọ̀ pé ọmọ òun ti ríṣẹ́.

Láti ìgbà náà, ẹni tó bá wọlé tọ̀ mí wá, ọ̀rọ̀ fìrídọ́ọ̀mù ni mo máa ń kọ́kọ́ bá a sọ. Ìlú gbọ́ èdè yẹn. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ oníṣòwò àti ọmọ tíṣà fi ń jókòó pọ̀ dúró de ara wọn lórí bẹ́ǹṣì mi, píánò kejì sì dé.

Ọmọ Ìtòkú yẹn ni mo kọ́kọ́ dá sílẹ̀. Òun ló ń bá mi kọ́ àwọn kéékèèké nígbà náà, n kò mọ bí màá ṣe rọ́nà ṣe é láìsí òun. Mo ń sún ọjọ́ náà síwájú ṣáá, mo ń wá àwáwí. Nígbà tó kúnlẹ̀ níwájú mi níkẹyìn, mo gbé ọwọ́ lé e lórí. Ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé èmi, ẹnì kan ṣoṣo tí ọ̀gá mi ní nídìí dùùrù, ló jọ̀wọ́ ní Sátidé yẹn, tí kò sì jẹ́ kí n rí i lójú rẹ̀ pé ó nira fún un.