Ẹni Tó Yẹ Kó Kọ́kọ́ Sọ̀rọ̀ Nílé Ọ̀fọ̀

“Màmá Henye, kí ló dé tí ẹ ò bá Bàbá Feivel sọ̀rọ̀?”

Tirtsa ló bèèrè bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà náà, ọmọ tí kì í lanu níwájú àgbà àfi bí wọ́n bá kọ́kọ́ pè é. Ilé ìdáná Henye Zaslov, ní apá àríwá ìlú Winnipeg, ni wọ́n wà, wọ́n ń fọ ife tíì tí àwọn olùbánikẹ́dùn mu. Láti ìrọ̀lẹ́ ni ọmọ náà ti ń gbé ìbéèrè yìí kiri nínú. Báyìí ló já bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Màmá Henye nu ife tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e sílẹ̀, ó mú òmíràn. Ó ṣe bí ẹni pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè láti yàrá kejì.

Ògiri kan náà ni ilé Tirtsa àti ilé Henye jọ ń lò, nítorí náà kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí etí Tirtsa ò gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ọmọ aránṣọ ni Henye, àdúgbò yẹn ni wọ́n bí i sí, ó sì kàwé títí ó fi di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìtàn àwọn Júù ilẹ̀ Yúróòpù ní yunifásítì ìlú náà. Obìnrin gíga ni, ó máa ń wọ súwẹ́tà aláwọ̀ eérú kan náà títí ìgbúnwọ́ rẹ̀ yóò fi lu. Ọkọ rẹ̀, Lazar, ń ta awò ojú. Wọn ò bímọ. Yàrá tó tẹ̀lé ti Henye ní yunifásítì ni Feivel Gurstein ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń kọ́ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kọ́ ló so wọ́n pọ̀. Ìwé kíkà ni.

Àwọn Júù kì í dá ka ìwé òfin àtijọ́ wọn. Ẹni méjì ni í jókòó ti ojú ewé kan, bí ọ̀kan bá sọ pé bákan ló rí, iṣẹ́ èkejì ni láti sọ pé irọ́ ni. Ẹni tí kò ní alátakò kò tíì kàwé, ojú lásán ló fi ń wò ó. Ní gbogbo ọ̀sán Ọjọ́rú, Feivel á wá sílé Henye, wọn á tẹ́ ìwé sórí tábìlì, ariwo á sì bẹ̀rẹ̀. Lazar á gbé ẹja oníyọ̀ àti àlùbọ́sà wá fún wọn.

“Ẹ̀yin méjì yìí, ẹ ò tíì pa ara yín?”

“Ó kù díẹ̀,” ni Feivel á wí. “Ìyàwó ẹ ń bẹ̀bẹ̀.”

“Ta ló ń bẹ̀bẹ̀? Lazar, bá mi wo ojú ọkùnrin yìí. Awò ló ń fẹ́, kò rí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀.”

Lẹ́yìn ògiri, Tirtsa á máa gbọ́ ẹ̀rín wọn. Ó rò pé bí ọ̀rẹ́ ṣe ń rí nìyẹn.

Ẹni tó mú ọ̀rọ̀ wá kò mọ̀ pé òun mú un wá. Nuhad Shammas lorúkọ rẹ̀, olùkọ́ tuntun ni, ọmọ Palẹstínì tí ìdílé bàbá rẹ̀ sá kúrò ní abúlé wọn nígbà tí ogun bẹ́ láàárín àwọn àti àwọn Júù ilẹ̀ náà, tí wọn ò sì rí ọ̀nà padà. Ó kọ àpilẹ̀kọ kan nípa abúlé náà. Nínú rẹ̀ ni gbólóhùn kan wà tó sọ pé àwọn kan ti sọ ìrántí àwọn Júù tí wọ́n pa ní Yúróòpù di aṣọ ojú fèrèsé, kí wọ́n má bàa rí àgbàlá aládùúgbò wọn. Àpilẹ̀kọ náà gùn. Gbólóhùn yìí nìkan ni gbogbo ayé kà.

Lọ́jọ́rú yẹn, wọn ò ṣí ìwé òfin.

“Gbólóhùn yẹn burú, Feivel,” ni Henye wí. “Mo gbà. Ṣùgbọ́n gbólóhùn tó burú yàtọ̀ sí ìkórìíra Júù.”

“Ta ló yà á sọ́tọ̀? Ìwọ?”

“Iṣẹ́ wa ni. Ohun tá a fi ń jẹun nìyẹn, pé ká ya nǹkan sọ́tọ̀ kúrò lára nǹkan.”

“Màmá mi ò ráyè ya nǹkan kan sọ́tọ̀. Àwọn tó ń pa Júù kan ilẹ̀kùn, ó gba ojú fèrèsé sá. Òun nìkan ló sá nínú gbogbo ilé yẹn, Henye.”

“Nuhad kọ́ ló kan ilẹ̀kùn.”

“Ṣé mo ní òun ni? Mo ní mo mọ ìró ọwọ́ tó ń kan ilẹ̀kùn ni.”

“Bàbá tiẹ̀ náà gbọ́ ìró ọwọ́.”

Lazar gbé àwo wọlé. “Ẹ jẹ ẹja yín,” ló wí. “Ẹja ò bá ẹnikẹ́ni jà.” Wọn ò jẹ ẹ́. Lazar fúnra rẹ̀ ló sọ èyí fún ìyá Tirtsa lójú ọgbà, ó fi rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dé ojú rẹ̀.

Feivel kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé ìkórìíra àtijọ́ ni Nuhad wọ aṣọ tuntun fún. Henye fèsì pé òkúta ńlá ni ẹ̀sùn yẹn, pé ọ̀mọ̀wé kì í sọ ọ́ lu èèyàn nítorí gbólóhùn kan. Feivel tún fèsì. Ó ní àwọn kan wà tí wọ́n fẹ́ràn ìyìn àlejò débi pé wọn yóò ta egungun ìyá wọn láti fi rà á. Kò dárúkọ Henye. Kò sẹ́ni tí kò mọ ẹni tó ń bá wí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ kúrò lọ́wọ́ wọn. Àwọn ọ̀mọ̀wé láti ìlú tí wọn ò dé rí dá sí i. Àwọn kan ní ìtumọ̀ kan lọ́wọ́ nípa ohun tí ìkórìíra Júù jẹ́, àwọn kan ní òmíràn, ìtumọ̀ sì di igi tí wọ́n ń fi lura wọn lórí. Ẹgbẹ́ kan kó ìbuwọ́lùwé jọ, ẹgbẹ́ kejì kó tiwọn. Ní sínágọ́gù, obìnrin méjì tó máa ń jókòó ti Henye sún sí ìjókòó tó wà lẹ́yìn, wọ́n ní atẹ́gùn ń fẹ́ sí àwọn. Ní yunifásítì, ẹnì kan fi ọ̀dà kun àmì àwọn tó pa Júù ní Yúróòpù sára ilẹ̀kùn Feivel.

Ilé ìkàwé yunifásítì náà ni ìyá Tirtsa ti ń ṣiṣẹ́, ó ń kọjá lọ nígbà tí Feivel ń fọ ọ̀dà náà. Feivel ò dúró de àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó. Ó bọ́ kóòtù, ó kúnlẹ̀ sílẹ̀, ó ń ha á. Henye jáde nínú yàrá tirẹ̀, ó rí i. Ó na ọwọ́ sí àkísà kejì tó wà nínú garawa. Feivel wò ó, ó sì yí ojú padà sí ilẹ̀kùn. Henye fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ó padà wọlé.

Wọn ò gba Nuhad padà nígbà tí àkókò iṣẹ́ rẹ̀ pé. Ó wá dágbére fún Henye nílé, ó gbé ìgò òróró ólífì kan dání. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí.

“Ẹ ṣeun, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ gbìyànjú.”

“Kò tó.”

“Kò tó lóòótọ́.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ẹ má bínú o. Ẹ̀yin méjèèjì kọ̀wé lórí mi títí, kò sì sẹ́ni tó bi mí ní orúkọ abúlé yẹn.”

Tirtsa wà lórí àtẹ̀gùn tiwọn, ó ń so okùn bàtà. Ó gbọ́ bí Henye ṣe bèèrè orúkọ náà níkẹyìn. Nuhad sọ ọ́ fún un, ó sì lọ. Henye tún orúkọ náà pè lẹ́nu ọ̀nà, bí ọmọ tó ń há ẹ̀kọ́ sórí, kó tó ti ilẹ̀kùn.

Ìgbà òtútù tó tẹ̀lé e ni Lazar kú. Ó jókòó láti bọ́ bàtà, kò sì dìde mọ́.

Wọ́n fi aṣọ bo gbogbo dígí, bí àṣà Júù nílé ọ̀fọ̀. Wọ́n gbé àga kúkúrú fún Henye, nítorí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kì í jókòó sókè ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Wọn ò fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn, kí ẹni tó bá ń bọ̀ má bàa kànkùn. Àwọn aládùúgbò gbé ẹyin sísè wá. Òfin kan wà tí ọmọ kékeré pàápàá mọ̀: àlejò kì í kí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, kì í sì í kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀. Yóò jókòó ni, yóò dákẹ́, títí olúwarẹ̀ yóò fi lanu. Bí kò bá lanu, ìdákẹ́jẹ́ náà ni ìkẹ́dùn.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ọkùnrin mẹ́wàá ni wọ́n ń wá fún àdúrà ìrọ̀lẹ́, nítorí láìpé mẹ́wàá, wọn ò lè ka àdúrà òkú fún Lazar. Bàbá Zelig, alákòóso sínágọ́gù, ń ka orí wọn lẹ́ẹ̀kejì.

“Mẹ́sàn-án! Ṣé gbogbo ọkùnrin Winnipeg ló bá Lazar lọ ni? Ẹ pe ọmọ Pokrass.”

“Ọmọ Pokrass ń wo bọ́ọ̀lù orí yìnyín.”

“Ẹ sọ fún un pé bó bá kú, àwa náà máa wo bọ́ọ̀lù.”

Ilẹ̀kùn ṣí. Feivel ló wọlé, yìnyín wà lórí fìlà rẹ̀. Bàbá Zelig wo òkè àjà.

“Ó dáa,” ló wí. “A pé.”

Wọ́n gbàdúrà. Ìdí ilẹ̀kùn ilé ìdáná ni Tirtsa wà pẹ̀lú àwo ẹyin lọ́wọ́, ó ń gbọ́ “àmín” Feivel nínú ti àwọn yòókù, nítorí ohùn rẹ̀ wúwo. Nígbà tí wọ́n parí, Feivel fa àga kan, ó jókòó dojú kọ Henye. Ó gbé ọwọ́ lé orúnkún. Ó dúró.

Henye ń wò ó. Òun náà dúró.

Tirtsa rò pé ó yẹ kóun gbé ẹyin lọ fún wọn, ṣùgbọ́n ó kàn di àwo náà mú. Ẹnu Henye ṣí díẹ̀ nígbà kan, ó sì pa dé. Feivel tẹ̀ síwájú lórí àga rẹ̀. Kò sí ohun tó tẹ̀lé e. Tíì tí wọ́n gbé ka iwájú rẹ̀ tutù, awọ fẹ́lẹ́ bò ó lójú. Níkẹyìn ó dìde, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tí olúkúlùkù ń sọ nígbà tó bá ń kúrò nílé ọ̀fọ̀: “Kí Ọlọ́run tù ọ́ nínú láàárín gbogbo àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ Síónì àti Jerúsálẹ́mù.” Ó dé fìlà rẹ̀, ó jáde.

“Ṣé ẹ gbọ́ bó ṣe tẹ ‘Síónì’ yẹn mọ́lẹ̀?” ni Bàbá Zelig wí. “Ó wá fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n jà lé lórí gún un lára ni.”

“Bàbá Zelig, bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn,” ni ìyá Tirtsa wí. “Ẹ̀yin náà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lánàá.”

“Tèmi yàtọ̀.”

Kó tó di ọjọ́ kejì, àdúgbò ti pín sí méjì. Àwọn kan ní Feivel wá tọrọ àforíjì, Henye ló le bí òkúta. Àwọn kan ní ó wá wo omijé rẹ̀ ni. Alẹ́ ọjọ́ tí Feivel wá yẹn gan-an ni Tirtsa bèèrè ìbéèrè rẹ̀, tí Henye sì ń nu ife.

Ọdún gorí ọdún. Henye ń kọ́ni títí wọ́n fi ní kó sinmi. Bí òun àti Feivel bá pàdé nínú bọ́ọ̀sì, wọn á mi orí sí ara wọn, bí àwọn tó jọ mọ ẹnì kan tó ti kú. Ní Ọjọ́rú, Henye á jókòó sídìí tábìlì, á ṣí ìwé òfin, á sì pa á dé. Ó sọ fún Tirtsa nígbà kan pé òun ti mọ ohun tóun máa sọ, kí ni àǹfààní rẹ̀? Ní ọdún kan Feivel kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Vancouver, níbi tí òtútù ò ti le. Kò dágbére. Henye gbọ́ ọ ní sínágọ́gù, ó ní, “Ó dáa fún àyà rẹ̀.”

Ojú Henye di kùrukùru. Tirtsa, tó ti wọ kíláàsì tó kẹ́yìn nílé ẹ̀kọ́ girama, ń wá lọ́sàn-án Ọjọ́ Ẹtì láti ka ìwé ìròyìn fún un. Ogun tún ti bẹ̀rẹ̀ ní Palẹstínì. Nínú ìwé ìròyìn, àwọn ọ̀mọ̀wé tuntun ń fi ẹ̀sùn kan náà kan ara wọn, wọ́n ń tako ìtumọ̀ ara wọn. Tirtsa á kà á délẹ̀ láìgbé ohùn sókè. Henye á máa bó pòtétò.

“Ṣé kí n tún èyí kà, Màmá?”

“Rárá. Mo mọ̀ ọ́n.”

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀sán bẹ́ẹ̀ ni fóònù dún. Tirtsa gbé e fún un. Ọmọ Feivel ni. Henye gbọ́ tirẹ̀ tán, ó sọ ohun tí Júù ń sọ bó bá gbọ́ ìròyìn ikú: “Olùbùkún ni Onídàájọ́ òtítọ́.” Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà pé ó pe òun. Ó gbé fóònù kalẹ̀, ó mú ọ̀bẹ, ó mú pòtétò tó kù.

“Bàbá Feivel?” ni Tirtsa bèèrè.

“Òun ni. Wọ́n ti sin ín láàárọ̀ yìí.”

“Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Ṣé kò síbi tá a lè lọ jókòó ṣọ̀fọ̀ rẹ̀?”

“Sọ́dọ̀ ta? Òfin dárúkọ bàbá, ìyá, ọmọ, ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ọkọ, aya. Kò dárúkọ ọ̀rẹ́.” Èèpo pòtétò bọ́ sílẹ̀, kò wò ó. “Áńbọ̀sì ẹni téèyàn bá jà.”

Tirtsa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣa èèpo náà. Nígbà tó gbórí sókè, Henye ti gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ojú rẹ̀ gbẹ. Ohùn rẹ̀ ò yàtọ̀ sí èyí tó fi ń sọ pé kí wọ́n ti fèrèsé.

“O bi mí ní nǹkan kan nígbà tó o wà ní kékeré.”

“Mo rántí, mà.”

“Ilé ẹjọ́ ni mo rò pé mo jókòó sí lọ́jọ́ tí Feivel wá, Tirtsa. Ẹni tó pẹjọ́ ló máa ń kọ́kọ́ rojọ́, mo sì ń retí kó bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tó jáde tán ni mo tó rántí pé ọkọ mi ló kú, àti pé èmi ló ń dúró dè kó tó lè sọ̀rọ̀.”