Òyìnbó Orí Ìtàgé Tó Ní Kí N Tún Un Ṣe

Ẹ máa rẹ́rìn-ín o. Gbogbo ẹni tí mo ti sọ ọ́ fún ló rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín. Ààfáà wa bi mí bóyá mo jẹun lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní ogun ló ba orí mi jẹ́, èmi tí mi ò gbé ìbọn rí láyé mi! Ọ̀rọ̀ wọn ti sú mi. Mi ò mu ọtí, mi ò fa tábà, ọ̀sán gangan sì ni, oòrùn wà lókè. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́ kó gbà á gbọ́.

Télọ̀ ni mí. Bàbá mi ló ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ta aṣọ ní Onitsha, ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Èdè Ìgbò dùn lẹ́nu mi ju Yorùbá lọ nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá mi a sì máa fìyẹn bú mi. Àdúgbò Odoakpu ní Onitsha níbẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù náà ni gbọ̀ngán sinimá kan wà, ti opó kan tí gbogbo wa ń pè ní Mama Nkechi. Inú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ìtàgé gbọ̀ngán yẹn ni òyìnbó tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ń gbé.

Mi ò ní í dárúkọ rẹ̀. Ó lè ní ẹbí lókè òkun. Yẹ́sì-Sà ni àwọn ará Odoakpu ń pè é, ìdí rẹ̀ sì nìyí.

Òṣèré ni. Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ ara ògiri o. Kí irùngbọ̀n rẹ̀ tó hù ló ti ń ṣeré nílùú wọn, títí orí rẹ̀ fi pá. Tí ẹ bá wo eré òyìnbó láyé ìgbà yẹn, tí ọ̀gá kan jókòó, tí ìránṣẹ́ ṣílẹ̀kùn tó ní “Yẹ́sì, sà, àlejò ti dé,” òun nìyẹn. Ọlọ́pàá tó máa ń dé nígbà tí olè ti sá lọ, òun ni. Àlùfáà tó ń ka ìwé lẹ́bàá sàréè, òun ni. Nígbà mìíràn, òkú tó wà nínú pósí gan-an, òun náà ni.

Mò ń wọn èjìká rẹ̀ lọ́jọ́ kan nígbà tó sọ fún mi pé: “Télọ̀, gbogbo ayé ló mọ ojú mi. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ mi.”

Ẹ má rò pé àánú ara rẹ̀ ló ń ṣe é. Inú ló ń bí i. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́dọ̀ọ́, wọ́n ní ojú òun kò jọ ojú ọba. Nígbà tí òun dàgbà, wọ́n ní wọ́n ti fi ẹlòmíràn jọba. Ọmọkùnrin kan tí òun kọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn lórí ìtàgé ló wá di gbajúmọ̀, ọmọ náà sì ránṣẹ́ pe òun pé kí òun wá ṣe ìránṣẹ́ fún un nínú eré. Ó lọ o. Ó ṣílẹ̀kùn fún un. Kí ni kó ṣe? Ebi ń pa á.

Ẹgbẹ́ òṣèré kan tí òun náà wà nínú rẹ̀ ló bá dé orílẹ̀-èdè wa ní àkókò òmìnira. Wọ́n ṣeré káàkiri, wọ́n dé Onitsha, Mama Nkechi sì ń fi sinimá kan hàn lálẹ́ tí wọ́n sinmi. Òyìnbó wa wọlé, ó jókòó sáàárín èrò. Àfi bí wọ́n ṣe rí i nínú sinimá tó ń ṣílẹ̀kùn! Wọ́n wo ojú aṣọ funfun, wọ́n wo ẹni tó jókòó tì wọ́n, ariwo bẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní kí onísinimá dá a padà sẹ́yìn kí àwọn tún un wò. Ó dá a padà. Wọ́n tún pariwo. Wọ́n gbé ọkùnrin náà sókè.

Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ, òun gbé àpótí rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀.

Ó kó àwọn akọ̀wé àti tíṣà jọ, ó ń kọ́ wọn léré. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ eré kan nípa ọba arúgbó kan tí kò fẹ́ kúrò lórí oyè. Ta ni yóò ṣe ọba? Òun ni. Mo rán aṣọ ọba náà, àrán pupa fòò. Ọwọ́ ni mo fi rán ọrùn rẹ̀, nítorí ó ní tí mo bá fi ẹ̀rọ rán an, kò ní í jọ ti ọba.

Eré yẹn kò bọ́ sí i láéláé. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ ṣe é, ìjì ṣí òrùlé gbọ̀ngán. Wọ́n tún un kàn. Wọ́n tún fẹ́ ṣe é, ìjọba gbé tíṣà tó fẹ́ ṣe ọmọ ọba lọ sí Enugu. Ó wá ẹlòmíràn, ó kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni nǹkan wá dàrú pátápátá. Ọkọ̀ ojú irin ń kó àwọn ọmọ Ìgbò tí wọ́n ṣe léṣe bọ̀ láti òkè Ọya, ta ló fẹ́ wo eré? Nígbà tó yá, wọ́n ní kí àwa tí a kì í ṣe ọmọ ìhà ibẹ̀ máa lọ sílé.

Mo lọ dágbére fún un. Mo na ọwọ́ sí i, kò gbà á.

“Ìkan náà ni gbogbo yín,” ó wí, ó sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ mi.

A ré kọjá afárá odò Náíjà pẹ̀lú ẹrù wa. Ogun dé. Ogun parí.

Mo padà sí Onitsha. Ìyàwó mi ní orí mi kò pé, ṣùgbọ́n níbo ni mo tún mọ̀? Ṣọ́ọ̀bù mi kò lórùlé mọ́. Ọ̀nà tí mo fi ojú dídì mọ̀ ni mo ń bi ènìyàn pé níbo ló gbà. Mama Nkechi ti padà láti Nkwelle Ezunaka níbi tó sá sí, ó ti gbẹ bí igi ìdáná. Ó ní òun fẹ́ ṣí gbọ̀ngán òun padà, kí n bá òun rán kọ́tìnì ìtàgé.

Mo bi í pé, “Mama, òyìnbó wa ńkọ́?”

Ó wo ibòmíràn. “Ọ laala,” ó wí ní èdè Ìgbò. Ó ti lọ sílé.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Ìgbò, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ní ìtumọ̀ méjì: ó lè jẹ́ ilé lókè òkun, ó sì lè jẹ́ ọ̀run. Èyí tó rọrùn ni mo mú.

Mo kírun Àyìlà tán, mo mú téèpù àti ṣọ́ọ̀kì, mo wọ gbọ̀ngán náà láti lọ wọn iwájú ìtàgé. Ọta ìbọn ti dá òrùlé lu káàkiri, oòrùn ń gba àwọn ihò náà wọlé, ó ń ṣe róńdóróńdó sí orí pákó. Mò ń gbọ́ ariwo ọjà níta, obìnrin kan ń ná iṣu, ó ń bú oníṣu. Ìlẹ̀kùn onígi tí wọ́n kàn mọ́ àárín ìtàgé fún eré ọba yẹn ṣì dúró síbẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé wọn ò tí ì fi dáná.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mò ń wọ̀n ọ́n. Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò ronú ohunkóhun.

Ariwo ọjà dákẹ́.

Kò rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ o. Ó dákẹ́ lójijì, bí ìgbà tí wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu ènìyàn.

Ẹnìkan wúkọ́. Mo gbójú sókè. Òyìnbó wa ló dúró lẹ́bàá ìlẹ̀kùn, ó wọ àrán pupa.

Inú mi dùn! Òótọ́ ni mò ń sọ fún yín. Mo ní, “Bàbá! Ẹ ò sì lọ sílé mọ́?”

Ó fi ìka lé ètè. “Rẹ ohùn rẹ sílẹ̀. A ti pẹ́. Ṣílẹ̀kùn fún mi.”

Ìgbà náà ni mo rí oòrùn. Ọ̀kan nínú àwọn róńdó oòrùn yẹn bọ́ sí ibi tí ó dúró sí. Ó yẹ kó wà lára àrán. Orí pákó ló wà, mò ń gba inú òyìnbó náà wò ó. Bẹ́ẹ̀ mo sì rí ọrùn aṣọ náà kedere, mo dá ojú abẹ́rẹ́ ọwọ́ mi mọ̀. Erùpẹ̀ pupa ló kún inú rẹ̀.

Mo fẹ́ sáré lọ, ìdí ìlẹ̀kùn ni mo bá ara mi.

“Ṣílẹ̀kùn, yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí o ní ‘Ọba dé,’” ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Ó bọ́ sí ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn.

Mo ṣí i. Mo ní, “Ọba dé.”

Ó wọlé, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó dúró. “Rárá. O yára jù. Tún un ṣe.”

Mo tún un ṣe.

“Ilẹ̀ lò ń wò. Tún un ṣe.”

Mo tún un ṣe. Ó ní ohùn mi kò dé ẹ̀yìn gbọ̀ngán. Mo gbé ohùn sókè, ó ní mò ń pariwo bí ẹni ń polówó. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún ṣí i, ó ní ọwọ́ òsì ni. Mo fi ọwọ́ òsì ṣí i, ó ní ta ló ní kí n yí ọwọ́ padà.

Mi ò mọ iye ìgbà. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ̀rù tó bà mí tán, inú ló wá ń bí mi! Òógùn bò mí, ọ̀fun mi gbẹ, òkú ń bá mi wí bí ọmọ iléèwé. Àwọn àga ìsàlẹ̀ tó ṣófo bẹ̀rẹ̀ sí í ké kíí, kíí, bí ìgbà tí àwọn tó jókòó ń yí ìdí padà. Mi ò wo ẹ̀yìn. Ọlọ́run ló kó mi yọ tí mi ò wo ẹ̀yìn.

Mo ní, “Bàbá, ó tó gẹ́ẹ́!”

Ó sún mọ́ mi. Òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí ló ń jáde lára rẹ̀. “Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni wọ́n fi ní kí n tún un ṣe,” ó wí. “Ṣé o gbọ́ pé mo ní ó tó?”

Mo tún ṣílẹ̀kùn. Lọ́tẹ̀ yìí kò dá mi dúró. Ó wọlé, ó rìn dé iwájú, ó kọjú sí àwọn àga, ó la ẹnu.

Kò sí ohun tó jáde.

Ó tún la ẹnu. Ojú rẹ̀ ń wá a kiri, bí ẹni tó ju nǹkan sí ibi tí kò sí mọ́. Ẹ gbọ́ mi, kì í ṣe èmi ni mi ò ṣe é dáadáa. Òun ni kò rántí. Ọ̀rọ̀ ìránṣẹ́ nìkan ló wà lẹ́nu rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọba kò sí níbẹ̀.

Ó yíjú sí mi. Mi ò rí ìbínú tó tó yẹn rí.

“Ìwọ lo bà á jẹ́. Tún un ṣe.”

Ibẹ̀ ni Mama Nkechi ti ṣí ìlẹ̀kùn ìta. Ariwo ọjà ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. “Télọ̀! Biko, jọ̀ọ́, ta lò ń bá sọ̀rọ̀?”

Èmi nìkan ni mo wà lórí ìtàgé, mo di ìlẹ̀kùn onígi mú. Wọ́n ti ń pe ìrun Àlàásárì. Ohùn mi ti há.

Nígbà tí mo sọ fún un, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní nígbà tí wọ́n wá kó àwọn òyìnbó lọ, èyí kọ̀. Ó ní àwọn ènìyàn díẹ̀ tó kù nílùú, àti ṣọ́jà, àti àwọn obìnrin, ni wọ́n jókòó lọ́sàn-án ọjọ́ kan láti wo eré ọba. Ẹni tó yẹ kó ṣílẹ̀kùn ti ṣí i. Bọ́ǹbù bọ́ lẹ́yìn gbọ̀ngán kí òyìnbó tó wọlé. Wọ́n sin ín síbẹ̀ nínú àrán rẹ̀, wọ́n sá lọ.

“Mo sọ fún ọ pé ó ti lọ,” ó wí. “Ìwọ ni o ò gbọ́.”

Ó pe katikíìsì ìjọ rẹ̀, ìyẹn wá gbàdúrà, ó tètè lọ. Mo pe ààfáà wa, kò wọlé rárá, òun ló bi mí bóyá mo jẹun. Inú ṣọ́ọ̀bù mi tí mo ti tún òrùlé rẹ̀ kàn ni mo ti rán kọ́tìnì náà, mo ní mi ò ní í lọ gbé e kọ́. Káfíńtà kan tó ń jẹ́ Sunday ló bá mi gbé e lọ. Mo kìlọ̀ fún un. Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó jáde nírọ̀lẹ́, kò lóhùn, kò sì sọ ohun tó rí fún ẹnikẹ́ni títí dòní.

Sinimá náà kò ṣiṣẹ́. Mama Nkechi ta gbọ̀ngán fún oníṣòwò panla kan, ìyẹn sì sọ ọ́ di ilé ìkẹ́rù. Mo ní ó ti parí nìyẹn.

Ní oṣù tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn alábàárù tó ń kó panla wá rán ṣòkòtò lọ́dọ̀ mi. Àgbàlagbà ènìyàn ni, ó láyà. Mo bi í bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Ohùn rẹ̀ há. Ó ní iṣẹ́ dára, bàbá kan nìkan ló wà nínú ibẹ̀ tí nǹkan kì í tẹ́ lọ́rùn, ṣùgbọ́n ó ku díẹ̀ kí òun mọ̀ ọ́n ṣe. Mo pariwo mọ́ ọn pé kó má padà síbẹ̀. Ó ní òun ti pẹ́. Ó lọ.

Kò tí ì wá gba ṣòkòtò rẹ̀. Oníṣòwò náà ní òun kò ní alábàárù tó jọ bẹ́ẹ̀, pé kí n yé da òun láàmú.

Nítorí náà, ẹ fetí sí mi, ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ wá ṣòwò ní Odoakpu. Bí ẹ bá wọ ilé ńlá kan lọ́sàn-án tí ariwo ọjà sì dákẹ́ lójijì, tí ẹnìkan ní kí ẹ ran òun lọ́wọ́ díẹ̀, tó ní ẹ ò ṣe é dáadáa, ẹ má bá a jiyàn, ẹ má sì gbìyànjú láti ṣe é kó dára. Ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe bàjẹ́. Ẹ jáde.