Irin Kékeré Inú Ọkọ̀ Bàbá Onílé

Láràárọ̀, mo máa ń gbọ́ ọ láti yàrá mi: kẹ́, kẹ́, kẹ́. Bàbá onílé wa ní Ajah ni, nínú ọkọ̀ bọ̀gìnnì àtijọ́ tí bàbá wọn fi sílẹ̀ fún wọn.

Irin kékeré kan wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ náà. Bí epo bá tán lọ́nà, èèyàn á yí i, ìwọ̀nba epo tó kù nísàlẹ̀ táǹkì á sì gbé ọkọ̀ dé ilé epo. Bàbá kì í yí i rárá. Bí ẹnikẹ́ni bá nawọ́ sí i, wọ́n á jágbe: "Fi í lẹ̀ jọ̀ọ́! Ti ọjọ́ ìpọ́njú nìyẹn!"

Ìgbà tí epo wọ́n ni ọjọ́ náà dé. Ìyàwó wọn ò lè mí dáadáa mọ́, a gbé wọn sẹ́yìn ọkọ̀, ó di ọsibítù. Ní Igbó Ẹfọ̀n, ọkọ̀ kú. Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Má mikàn, Ìyá Ráfíù. Torí òní ni mo ṣe tọ́jú ẹ̀."

Irin ò yí. Ó ti dípẹtà. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì fà á títí ọwọ́ wọn fi ṣẹ̀jẹ̀. Bí a ṣe ń ti ọkọ̀ náà lọ, à ń gbọ́ epo tó ń mì nínú táǹkì.

"Yí, jọ̀ọ́! Mo bẹ̀ ẹ́, yí!"

Màmá ò dé ọsibítù láàyè.

Bàbá ti fi òróró sí irin náà báyìí, ó ń yí wẹ́rẹ́. Láràárọ̀, wọ́n á yí i síwá, kẹ́, wọ́n á yí i sẹ́yìn, kẹ́, wọ́n á wá bojú wo ìjókòó ẹ̀yìn.

"Ìyá Ráfíù, ó ti yí o."